Ẹ̀jẹ̀ Àpáta Léfòó

Àwọn ọmọdé àdúgbò ló sọ ọ́ ní Àǹtí Ẹ̀fọn, àwọn àgbà sì gbà á lẹ́nu wọn nítorí pé irọ́ kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó bá wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀ ọsíbítù. Tó bá ń kí èèyàn, ìgbọ̀nwọ́ onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀, á sì máa fi ojú wọn iṣan bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran. Ọkọ àbúrò rẹ̀, Kápẹ́ńtà, máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ wá kí wọn nílé, bí gbogbo ẹbí ṣe ń béèrè irú iṣẹ́ tí òun ń ṣe, ẹ̀gbọ́n ìyàwó nìkan ló tẹjú mọ́ òun lápá, tó ní, "Iṣan yìí mà dáa o."

Ṣùgbọ́n lásìkò tí à ń sọ yìí, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Àǹtí Ẹ̀fọn. Àbúrò rẹ̀ lóyún, ibi ọmọ sì lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, bí ayálégbé tí wọ́n ní kó kó jáde, tó wá gbé àga dí ilẹ̀kùn. Àwọn dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ ni àwọn máa fi gbé ọmọ náà jáde, pé ẹ̀jẹ̀ lè ya lára ìyá rẹ̀ lójijì, kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ mìíràn sílẹ̀ dè é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ẹtì. Irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Óò-nẹ́gátíìfù ni ti àbúrò yìí. Ẹ̀jẹ̀ yìí ṣọ̀wọ́n, ó sì ní ìwà bí àgbàlagbà kan tó máa ń fún gbogbo ayé ní nǹkan ṣùgbọ́n tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ó lè wọ ara gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n tó bá di pé kí òun náà gbà, ti irú tirẹ̀ nìkan ló ń gbà. Ìyá kan náà ló bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ọmú kan náà ni wọ́n mu, ẹ̀jẹ̀ wọn ò bára mu. Àǹtí Ẹ̀fọn ti tún yẹ ti ara rẹ̀ wò, bóyá ó máa ṣàánú òun kó yí padà. Kò yí padà.

Láràárọ̀, tó bá ti ṣí fìríìjì ńlá tí wọ́n ń kó àpò ẹ̀jẹ̀ sí, pẹpẹ ìsàlẹ̀, níbi tí irú yẹn ń gbé, ni ojú rẹ̀ ń lọ. Tó bá bá àpò kan níbẹ̀, á mí kanlẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n á ti gbé e lọ fún ẹni tí mọ́tò gbá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yéé wò mí bí àpò tó ń jò," ni àbúrò rẹ̀ máa ń sọ fún un nílé.

"Ta ló ń wò ẹ́?"

"Ẹ tún ti ń wò mí báyìí."

Nígbà tó yá ni Dókítà, ọ̀gá báńkì ẹ̀jẹ̀, wá fi ayọ̀ sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa wá ṣe ètò ní gbọ̀ngàn ọsíbítù, láti fi rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àpáta fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, lójú gbogbo ayé. Òṣèré ni Àpáta. Nínú fíìmù, wọ́n á yìnbọn fún un, wọ́n á tì í ṣubú láti orí àjà kẹta, á sì dìde gbọn eruku nù. Apá rẹ̀ kan tó itan ẹlòmíràn.

"Tí Àpáta bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ta ló tún kù tó máa ní ẹ̀rù ń ba òun?" ni Dókítà wí.

"Olórin tó wá lọ́jọ́sí ńkọ́, sà? Ó kọrin, a pàtẹ́wọ́, ó lọ. Orin ò ṣeé fà sínú àpò," ni Àǹtí Ẹ̀fọn fèsì.

"Ṣé ìwọ ní ọgbọ́n mìíràn?"

Kò ní. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù jù nìyẹn, pé ìrètí òun wà ní apá ọkùnrin tí òun ò rí rí àfi nínú fíìmù.

Lọ́jọ́ tí ètò máa wáyé, olótùú ètò náà, obìnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kọ́ ọrùn bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n síwájú, ń yí gbọ̀ngàn ká. Ó débi tábìlì Àǹtí Ẹ̀fọn, ó rí omi aláwọ̀ búlúù nínú ife kékeré, ó dúró.

"Kí lèyí wà fún?"

Àǹtí Ẹ̀fọn ṣàlàyé. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ lórí ìka, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan bọ́ sínú omi búlúù yẹn. Tó bá rì lọ sísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún wúwo, ó ní èyí tó lè fún èèyàn. Tó bá léfòó, ẹ̀jẹ̀ ara tirẹ̀ gan-an ò tó o.

"Ó dára lójú," ni olótùú wí. "Ẹ jẹ́ ká fi í sínú ètò. Kámẹ́rà máa wò ó dáadáa."

"Ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá ná, mà, ká tó jáde."

"Àpáta? Kí lẹ fẹ́ yẹ̀ wò lára Àpáta?"

Wọn ì bá tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n Àpáta pẹ́ dé. Nígbà tó fi máa wọlé, iná kámẹ́rà ti tàn, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń hó, kò sí àyè fún yàrá kankan. Ó jókòó síwájú Àǹtí Ẹ̀fọn, ó na ọwọ́.

Àpáta tẹrí ba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lanu. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣe é. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí."

Ó gún un. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú omi búlúù, ó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó rò ó, ó sì padà wá sókè bí ewé tó já sójú odò. Wọ́n ti gbé ife náà sójú tẹlifíṣọ̀n, ó tóbi tó garawa. Kò sẹ́ni tí kò rí i.

Ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lára, ẹnu rẹ̀ kì í dúró de ọpọlọ rẹ̀. Ohun tí Àǹtí Ẹ̀fọn máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá léfòó náà ló sọ fún Àpáta lójú gbogbo orílẹ̀-èdè: "Ẹ̀jẹ̀ yín ò tó. Ẹ lọ jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ẹ yéé febi pa ara yín, ẹ padà wá tẹ́ ẹ bá sanra díẹ̀."

Olótùú fi ọwọ́ ge ara rẹ̀ lọ́rùn láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, pé kí wọ́n pa á. Ẹni tó wà nídìí kámẹ́rà ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àpáta ń wo ife. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tí kò sí nínú fíìmù rẹ̀ kankan. "Fíìmù tí mò ń ṣe lọ́wọ́ ni," ló wí. "Wọ́n ní kí n gbẹ bí ẹlẹ́wọ̀n. Mi ò jẹun gidi láti ọjọ́ yìí." Ó kọjú sí kámẹ́rà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má fara wé mi o. Ẹ wá ṣe jù mí lọ." Ó sì dìde, ó lọ.

Dókítà ò pariwo. Ó bá Àǹtí Ẹ̀fọn níbi tó ti ń kó abẹ́rẹ́ jọ, ó ní, "O ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ju kó lọ jẹ ẹ̀wà?"

"Ṣé kí n wá fa ẹ̀jẹ̀ tí kò sí, sà?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ò bá ní kó sinmi ná. Ta ló tún máa wá báyìí, tí Àpáta fúnra rẹ̀ ò tó ó?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a délé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Yéé rẹ́rìn-ín, o máa mi ikùn."

"Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi. Àpáta tí ìbọn ò ràn. Ẹ ní kó lọ jẹ ẹ̀wà."

"Ìwọ lo máa wá ẹ̀jẹ̀ fún ara rẹ, àbí?"

Ẹ̀rín náà dá. Àǹtí Ẹ̀fọn fẹ́ gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ.

Nígbà tó dé ẹnu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rò pé ìjàmbá ló ṣẹlẹ̀. Èèyàn kún ọ̀nà láti ilẹ̀kùn báńkì ẹ̀jẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Kò sí ẹni tó fara pa. Gbogbo wọn ló wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bóyá ó wúwo ju ti Àpáta lọ.

"Ẹ fi tèmi sínú omi yẹn."

"Ẹ yẹ ọkùnrin yìí wò fún mi, ẹnu ẹ̀ ti pọ̀ jù nílé," ni ìyàwó kan wí, ó sì ti ọkọ rẹ̀ síwájú.

Àwọn awakọ̀ wá, àwọn olùkọ́ wá, àwọn tó ń ta fóònù wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá rì, á nàgà bí ẹni gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ẹni tí tirẹ̀ bá léfòó, á fi fìlà bojú, á gba ẹ̀yìn jáde, àwọn tó kù á sì máa kí i pé, "Àpáta kékeré, ó dàbọ̀." Bí wọ́n ṣe wá láti fi Àpáta ṣẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń na apá sílẹ̀, tí àpò ń kún. Pẹpẹ ń kún. Dókítà ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ tayọ̀tayọ̀, ó ti pe olótùú pé kó gbé kámẹ́rà padà wá.

Àǹtí Ẹ̀fọn nìkan ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú àpò kì í ṣeé lò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, á di ohun tí wọ́n ń sọ nù. Ẹni tó bá sì fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ó máa tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún lè gbà á lára rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ àbúrò rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì sígbà yẹn. Gbogbo àpò tó ń kún yìí máa bàjẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn tó ni ín ò sì ní lè fi òmíràn sílẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nínú gbogbo èrò yẹn, mẹ́rin péré ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ irú ti àbúrò rẹ̀. Ó gba ti méjì. Ó pe àwọn méjì tó kù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gba nọ́ńbà fóònù wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ tí òun bá pè wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn, onídìrí, gbà láìjanpata. "Ẹ pè mí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Sátidé, ẹ má pè mí o. Ọjọ́ tí orí pọ̀ nìyẹn."

Èkejì, bíríkìlà, yarí. "Ẹ̀jẹ̀ mi rì, ẹ wá ní kí n máa lọ? Kí ni mo fẹ́ wí fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́?"

Àǹtí Ẹ̀fọn wò ó, ó ya òwú àti báńdéèjì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níbi tí abẹ́rẹ́ kankan ò dé. "Ẹ fi èyí hàn wọ́n."

Bíríkìlà yẹ apá rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Dókítà ti rí i. "Àwọn méjì tó o lé lọ yẹn, ṣé nítorí àbúrò rẹ ni?"

Kò purọ́. "Nítorí rẹ̀ ni, sà."

"Tí ẹlòmíràn bá nílò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè tí òun náà ti ń bi ara rẹ̀ nìyẹn.

"Wọn ò sì ní padà wá," ni Dókítà wí, láìbínú. "Inú wọn ló dùn lónìí. Inú dídùn ò ṣeé tọ́jú sínú fìríìjì."

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí àpò irú yẹn méjèèjì fi lọ, ọ̀kan fún ọkùnrin tó já láti orí òrùlé, ọ̀kan fún ọmọ kékeré. Láti ọjọ́ yẹn, tí fóònù báńkì ẹ̀jẹ̀ bá ti dún, àyà Àǹtí Ẹ̀fọn á já. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa béèrè irú yẹn, kí òun wá di ẹni tó mọ ibi tó wà tó sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ọ̀rọ̀ Àpáta náà tutù. Ẹlòmíràn ti ṣe ohun mìíràn lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn èèyàn ti ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Èrò fọ́n díẹ̀díẹ̀, ó ku ẹnì kan, ó ku àga. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ márùn-ún pé, Dókítà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kó àwọn àpò tí kò rẹ́ni lò lọ síbi tí wọ́n ti ń jó wọn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó nàgà ni.

Ọ̀nà kì í gba ibi tí a fojú sí. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ò tíì pé nígbà tí Kápẹ́ńtà gbé ìyàwó rẹ̀ wọ ọsíbítù lọ́sàn-án Sátidé, aṣọ ìdí rẹ̀ pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ wí lórí ibùsùn tí wọ́n ń tì lọ, "àpò yín ti ń jò." Wọ́n tì í wọlé, ilẹ̀kùn pa dé.

Àǹtí Ẹ̀fọn ṣí fìríìjì. Pẹpẹ ìsàlẹ̀ mọ́ tónítóní.

Bíríkìlà ló kọ́kọ́ pè. Ó sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un. Ó ń gbọ́ òòlù lẹ́yìn ọkùnrin náà.

"Ṣé àwọn tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ ni?"

"Rárá."

"Àpáta ńkọ́? Ṣé ó ti sanra?"

Irọ́ dé ètè rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ló máa sọ, ọkùnrin náà máa fò sọ̀ kalẹ̀. Ó ronú kan ọmọ àbúrò rẹ̀ tí kò tíì dáyé. Ó tún ronú kan ọkùnrin tó máa dé, tó máa wo yàrá yíká, tí kò sì ní gbé fóònù rẹ̀ mọ́ láéláé.

"Kò sí Àpáta. Èmi nìkan ni. Àbúrò mi ń bímọ, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀."

"Òrùlé ni mo wà o, Àǹtí," ni bíríkìlà wí. Fóònù sì já.

Ó pe onídìrí.

"Mo ní kì í ṣe Sátidé."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò mi ni."

Onídìrí pòṣé. "Ẹnu ọ̀nà wo ni kí n gbà wọlé?"

Nígbà tí onídìrí dé, ìyarun ṣì wà nínú irun òun fúnra rẹ̀, oníbàárà kan sì ń tẹ̀ lé e tí wọ́n ti di ìdajì orí rẹ̀, tí ìdajì kejì dúró gbagidi bí igbó tí wọn ò tíì ro.

"Kí ni mo fẹ́ ṣe?" ni oníbàárà náà wí. "Tí mo bá jẹ́ kó lọ, ta ló máa parí mi?"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àǹtí Ẹ̀fọn gún ìka onídìrí. Ẹ̀kán rì. Àpò kún. Àwọn tó wà nídìí àyẹ̀wò gbà á, wọ́n ṣe é kíákíá, wọ́n gbé e sáré lọ. Àpò kan ṣoṣo.

"Ṣé ó máa tó?" ni onídìrí béèrè, ó di òwú mọ́ apá.

"Mi ò mọ̀."

"Ọkọ mi ló fẹ́ràn Àpáta yẹn. Tọ̀sántòru. Ìdí tí mo fi wá lọ́jọ́sí nìyẹn, kí n lè rí nǹkan fi pa á lẹ́nu mọ́." Ó wo ilẹ̀kùn tó pa dé. "Ẹ jókòó, ẹ ti dúró jù."

Kápẹ́ńtà ń fi ìka wọn àga ìjókòó, láti ìgun kan dé ìgun kejì, ó ń padà, ó tún ń wọ̀n ọ́n. Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Dókítà obìnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ yọ ìbòjú rẹ̀. "Ọmọbìnrin ni. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Àpò yẹn ló gbà á o, díẹ̀ ló kù." Kápẹ́ńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ti ń wọ̀n láti ọ̀sán. Àǹtí Ẹ̀fọn fẹ́ sunkún, ẹkún ò wá. Nígbà tí wọ́n ní kó wọlé, àbúrò rẹ̀ la ojú kan.

"Ẹ tún ti ń wò mí," ló wí, ó sì sùn.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn báńkì ẹ̀jẹ̀. Bíríkìlà ni, sìmẹ́ńtì dé ìpéǹpéjú. Àkàbà ni wọ́n ti gbé lọ lábẹ́ rẹ̀ kó tó rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni kò rí ọkọ̀.

"Ṣé mo ti pẹ́?"

"Fún àbúrò mi, ẹ ti pẹ́. Ó ti yè."

"Ọpẹ́ ni o." Ó dúró. Ó wo yàrá yíká, kò sí iná kámẹ́rà, kò sí èrò, àfi oníbàárà olórí ìdajì tó ń tòògbé lórí àga, tí onídìrí ń parí irun rẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́. "Ta ló wá máa lò ó báyìí?"

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n."

Bíríkìlà ronú díẹ̀. Ó lọ fọ apá rẹ̀ mọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ó jókòó, ó nà án. Àǹtí Ẹ̀fọn wá iṣan, iṣan náà sì dára.

"Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́," ló wí bí àpò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kún, "ṣé wọ́n pọ̀?"

"Kí ló dé? Ṣé ẹ fẹ́ fa gbogbo wa gbẹ ni?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni," ni Àǹtí Ẹ̀fọn wí. "Kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà."